Ibà Ń Ṣe Iyùn Nínú Òkun

Bí ọba bá jókòó lórí ìtẹ́ ní ọjọ́ ọdún, iyùn ọrùn rẹ̀ ni ojú ń kọ́kọ́ rí. Bí ìyàwó bá ń lọ sílé ọkọ, iyùn náà ni àwọn ẹbí rẹ̀ ń wá kiri, kí wọ́n má baà tẹ́ lójú àna. Láti ìgbà ìwásẹ̀ ni a ti ń pọ́n iyùn lé: a fi í sọ ọmọ lórúkọ, a fi í ki ẹni tí a fẹ́ràn. Síbẹ̀, bí olùkọ́ kan bá dìde nínú kíláàsì lónìí, tí ó bi àwọn ọmọ léèrè pé, ‘Kí ni iyùn?’ mélòó nínú wọn ni yóò dáhùn pé ara ẹ̀dá abẹ̀mí ni ó ti wá? Èyí tí ó pọ̀ jù yóò ní òkúta ni. Àwa òbí wọn pàápàá kò ní sọ ohun tí ó yàtọ̀.

Iyùn tí a ń so mọ́rùn jẹ́ egungun ẹranko kékeré kan tí ń gbé inú òkun. Ẹranko náà kò lójú, kò lẹ́sẹ̀. Kò ní ju ẹnu kan, ikùn kan, àti ọmọ ìka wẹ́wẹ́ tí ó fi ń mú oúnjẹ. Àìmọye wọn a so pọ̀ mọ́ ara wọn, wọn a sì jùmọ̀ máa kọ́ ilé líle tí wọn ń gbé, bí ikán ti ń mọ ògán. Oríṣi pupa tí àwọn baba wa mọ̀ wà nínú Òkun Mẹditaréníà, ní etí ilẹ̀ Ítálì, Faransé, Àlùjẹ́ríà àti Tùnísíà. Lẹ́yìn tí àwọn Potogí ti bá Ọba Ìbíní dọ́rẹ̀ẹ́ ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, iyùn wà lára ọjà tí ọkọ̀ wọn ń gbé wá sí ilẹ̀ wa. Oríṣi mìíràn tún ń bẹ, tí kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀, tí ó jẹ́ pé inú omi olóoru ni ó ń gbé. Àwọn wọ̀nyí ni ó ń kọ́ ilé wọn léra títí yóò fi di àpáta ńlá tí ń fọ́ ọkọ̀ ojú omi.

Ohun tí ó mú mi gbé kálámù lónìí ni pé iyùn ń ṣàìsàn, àti pupa àti ti àpáta. Ní ìgbà ooru ọdún 1999, omi Òkun Mẹditaréníà gbóná kọjá àlà ní etí Provence ní ilẹ̀ Faransé àti ní Liguria ní ilẹ̀ Ítálì. Ooru náà kò dúró sójú omi nìkan. Ó wọ ìsàlẹ̀ lọ tó 40 mítà, kò sì tètè kúrò. Iyùn pupa kú níbẹ̀, àwọn ìbátan rẹ̀ tí ó ya ẹ̀ka bí igi náà sì kú lọ bẹẹrẹ. Ní ọdún 2003, nígbà tí ooru pa ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ní Yúróòpù, ikú náà tún padà wá sínú òkun. Àwọn onímọ̀ ní Marseille mú ọ̀kan nínú àwọn ìbátan iyùn wọ̀nyí tí ń kú lọ, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Paramuricea clavata, wọ́n sì wá inú ẹran ara rẹ̀ tí ń jẹrà. Wọ́n bá kòkòrò kan níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá tí ojú lásán kò lè rí, tí a ń pè ní bakitéríà. Nígbà tí wọ́n tọpa ìdílé rẹ̀, ó hàn pé ìmọ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣáájú. Ara iyùn ilẹ̀ Áfíríkà, ní Zanzibar, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i.

ÌLÚ TÍ A FI IYÙN KỌ́

Bí a bá sọ pé a fi iyùn kọ́ ìlú Zanzibar, kì í ṣe àsọdùn. Òkúta iyùn àtijọ́, tí a fi ẹfun tí a sun láti ara iyùn lẹ̀ mọ́ra, ni ògiri àwọn ilé alájà tí ó wà ní ìlú àtijọ́ náà láti ayé àwọn Súltánì. Àwọn erékùṣù yìí gba òmìnira ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Ìyípadà ìjọba onítàjẹ̀sílẹ̀ dé ní oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó sì di oṣù Kẹrin ọdún 1964 wọ́n para pọ̀ mọ́ Tanganyika, wọ́n di ohun tí a mọ̀ sí Tànsáníà lónìí. Ṣùgbọ́n odi kan wà yí wọn ká tí kò sí ìjọba tí ó mọ ọ́n. Àpáta iyùn ni. Òun ni ó ń fọ́ agbára ìgbì kí ó tó dé èbúté, ẹja tí àwọn apẹja sì ń fi ọkọ̀ wọn wá lọ lójoojúmọ́, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń bí sí. Gbogbo àpáta iyùn ayé kò gba tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin irú ẹ̀dá tí ń gbé inú òkun ni ó ń fi ibẹ̀ ṣe ilé tàbí ibi ìjẹun.

Iyùn àpáta ní ayálégbé. Nínú ẹran ara rẹ̀ ni àwọn ewéko kíkíní kan ń gbé, wọn ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ, wọn a sì fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ náà san owó ilé. Àwọn ni ó tún fún onílé ní àwọ̀ ara rẹ̀. Bí nǹkan bá dé sí àárín wọn, tí ewéko bá kó jáde, ẹran ara iyùn a mọ́ gaara bí omi, egungun rẹ̀ a sì yọ lábẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ a wá funfun bí aṣọ àlà. Kò tíì kú nígbà náà, ṣùgbọ́n ebi ti wọlé. Bí ayálégbé kò bá tètè padà, òkú ni. Iyùn pupa ti Mẹditaréníà kò ní irú àjọgbé yìí. Fúnra rẹ̀ ni ó ń dẹ ohun tí yóò jẹ, nítorí náà nígbà tí ooru bá kọlù ú, kì í funfun ṣáájú, ẹran ara rẹ̀ ni ó ń bó.

Ara iyùn kan tí ó ti funfun ní Zanzibar, tí à ń pè ní Pocillopora damicornis, ni wọ́n ti rí kòkòrò tí mo ń wí. Yael Ben-Haim àti Eugene Rosenberg ti Yunifásítì Tel Aviv kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 2002. Ní ọdún 2003 wọ́n sọ ọ́ ní Vibrio coralliilyticus, èyí tí í ṣe ‘ayọ́-iyùn’, nítorí ó ń yọ́ iyùn bí omi ti ń yọ́ iyọ̀. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú orúkọ náà. Vibrio ni orúkọ ìdílé kòkòrò tí ń fa onígbáméjì, èyí tí ó wọ Nàìjíríà ní ìparí ọdún 1970 tí àwọn àgbàlagbà inú wa kò sì tíì gbàgbé. Ọmọ ìyá ni wọ́n: omi ni ilé wọn, ìrù tín-ín-rín ni wọ́n fi ń wẹ̀, omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n sì fẹ́ràn.

Wọ́n dán ayọ́-iyùn wò nínú omi tí ooru rẹ̀ yàtọ̀ síra. Nígbà tí ooru omi kò tó dígírì 22 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kòkòrò àti iyùn gbé pọ̀ láìsí ìjà. Láàárín 24 sí 26, kòkòrò dojú kọ ayálégbé, ewéko kó jáde, iyùn funfun. Láti 27 lọ sókè, kò tilẹ̀ wo ti ayálégbé mọ́. Ó tu oje kan jáde tí ń jẹ ẹran ara onílé gan-an, bí oje inú ikùn wa ti ń jẹ ẹran tí a gbé mì. Dígírì márùn-ún péré ni ó wà láàárín àlàáfíà àti ikú. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti ní ibà rí, yóò mọ̀ pé dígírì méjì ti tó láti dá ọkùnrin alágbára dùbúlẹ̀.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍ ETÍ ÒKUN ÍSÍRẸ́LÌ

Báwo ni ooru ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí? Ṣé iyùn ni ó ń sọ di aláìlera, àbí kòkòrò ni ó ń sọ di ọ̀tá? Ìbéèrè yìí ni ó gbádùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ìdáhùn rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó gbọ́ orúkọ ayọ́-iyùn.

Iyùn kan wà ní etí òkun Ísírẹ́lì, ní ìhà Mẹditaréníà, Oculina patagonica ni wọ́n ń pè é. Láàárín àwọn ọdún 1990 wọ́n rí i pé lọ́dọọdún, bí ìgbà ooru bá dé, yóò funfun. Bí òtútù bá dé, àwọ̀ rẹ̀ a padà. Ní ọdún 1996, Ariel Kushmaro, Rosenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kéde nínú ìwé ìròyìn Nature pé bakitéríà kan ni ó wà nídìí rẹ̀; Vibrio shiloi ni wọ́n wá pè é nígbẹ̀yìn. Wọ́n fi í sára iyùn nínú omi dígírì 16, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Wọ́n fi í sára iyùn nínú omi dígírì 29, iyùn funfun kíákíá.

Ṣùgbọ́n èyí kò tíì dáhùn ìbéèrè wa, nítorí nínú omi gbígbóná, àti iyùn àti kòkòrò ni ooru jọ mú. Ọgbọ́n tí wọ́n wá dá nìyí. Wọ́n sin kòkòrò kan nínú omi tútù, dígírì 16. Wọ́n sin òmíràn nínú omi dígírì 25. Wọ́n wá da wọ́n sọ́dọ̀ àwọn iyùn tí òmíràn nínú wọn wà nínú òtútù, tí òmíràn wà nínú ooru. Kòkòrò tí a sin nínú òtútù kò lè lẹ̀ mọ́ iyùn rárá, ìbáà ṣe èyí tí ó wà nínú ooru tàbí èyí tí ó wà nínú òtútù. Kòkòrò tí a sin nínú ooru lẹ̀ mọ́ àwọn méjèèjì, ó lẹ̀ mọ́ èyí tí kò tilẹ̀ mọ ooru kankan lára!

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí. Iyùn inú omi tútù yẹn kò rẹ̀, kò rù. Ohun gbogbo tí ó fi ń gbèjà ara rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwà kòkòrò ni ó yí padà. Ooru ni ó mú kí ó hu ohun ìdìmú tí ó bá ara iyùn mu bí kọ́kọ́rọ́ ti ń bá àgádágodo mu. Bí ó bá ti lẹ̀ tán, a wọ inú ẹran ara, a di púpọ̀ níbẹ̀, a sì tú májèlé tí kì í jẹ́ kí ewéko lè lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn mọ́. Májèlé yìí náà, inú ooru ni ó ti ń pọ̀. Àwọn ìyá wa tí ń rẹ ògì mọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí: èyí tí a rẹ nígbà ọyẹ́ kì í tètè kan, èyí tí a rẹ nígbà ooru a kan kí a tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ti ògì, pípọ̀ ni kòkòrò pọ̀ sí i. Ti òkun ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aládùúgbò tí a ti ń rí lójoojúmọ́ ni ó fa idà yọ.

Bí òtútù bá wá dé ńkọ́, níbo ni kòkòrò ń sá lọ? Ní ọdún 2003 àṣírí náà tú. Ekòló òkun kan wà, Hermodice carunculata, tí irun ara rẹ̀ ń yúnni bí wèrèpè, tí iyùn sì jẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Inú ekòló yìí ni kòkòrò ń lọ sùn títí òtútù yóò fi kọjá. Bí ooru bá padà, ekòló a tún gbé e kiri láti orí iyùn kan dé òmíràn, bí ẹ̀fọn ti ń ṣe ibà fún wa.

Ọlọ́gbọ́n òǹkàwé yóò ti béèrè lọ́wọ́ mi pé: omi Zanzibar kì í tutù, ní ọ̀pọ̀ oṣù ó ju 27 lọ, kí ló dé tí gbogbo iyùn ibẹ̀ kò tíì yọ́ tán látọjọ́? Ìbéèrè tí ó dára ni. Iyùn kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ń da ohun yíyọ̀ kan bí omi ilá bo ara rẹ̀, nínú ohun yíyọ̀ yẹn sì ni àwọn kòkòrò mìíràn ń gbé, àwọn ọ̀rẹ́, tí wọ́n ń pèsè oògùn tí ń pa kòkòrò àjèjì. Ní Flọ́rídà, Kim Ritchie gba ohun yíyọ̀ yìí lára iyùn ńlá kan, Acropora palmata, tí ẹ̀ka rẹ̀ rí bí ìwo àgbọ̀nrín. Nígbà tí ara iyùn le, oògùn inú rẹ̀ lágbára. Ṣùgbọ́n èyí tí ó gbà ní ìgbà ooru líle ti ọdún 2005 kò lè pa kòkòrò kankan mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ ti kó lọ, àwọn ìdílé Vibrio sì ti gba ilé. Ooru tí ó fún ọ̀tá ní idà, òun náà ni ó gba apata lọ́wọ́ onílé.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn onímọ̀ ti fohùn ṣọ̀kan lórí gbogbo èyí. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí ọdún 2003, wọn kò rí Vibrio shiloi mọ́ lára iyùn Ísírẹ́lì, iyùn náà kò sì gba àrùn náà mọ́ bí wọ́n tilẹ̀ fi kòkòrò sí i lára. Rosenberg àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dá a lábàá pé iyùn ti pààrọ̀ àwọn kòkòrò ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ ni, ó ti gba àwọn tí ó lè gbèjà rẹ̀ sílé. Nítorí kò ní irú ẹ̀jẹ̀ tí àwa ní, tí ń rántí àrùn àtijọ́. Ní ọdún 2008, Tracy Ainsworth àti àwọn mìíràn tún wo iyùn kan náà fínnífínní, wọ́n ní kì í ṣe bakitéríà ni ó ń sọ ọ́ di funfun. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà lónìí ni pé nígbà tí iyùn bá funfun káàkiri òkun ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ooru fúnra rẹ̀ ni ó tú àjọgbé ká. Àrùn a sì tẹ̀lé e, a máa mú àwọn tí ó ṣẹ́kù. Ní Ọsirélíà, wọ́n fi ọdún mẹ́fà ka àrùn kan tí ń bó ara iyùn lórí àpáta 48, wọ́n sì kéde ní ọdún 2007 pé lẹ́yìn ooru àìròtẹ́lẹ̀ ni ó ń gbilẹ̀ jù, pàápàá níbi tí iyùn ti há mọ́ra wọn. Ẹni tí ó bá mọ bí igbóná ti ń jà nínú ilé tí èrò kún kò ní ya ẹnu.

Ti iyùn oníwo àgbọ̀nrín ti Flọ́rídà kò mọ sí ooru. Àrùn kan tí ń dá àmì funfun sí i lára bí ilẹ̀ẹ́gbóná pa ju ìdá méje nínú mẹ́wàá rẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ibi tí ó ti gbilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2002 wọ́n rí i pé Serratia marcescens ni kòkòrò náà, èyí tí a mọ̀ nínú ìgbẹ́ ènìyàn. Nígbà tí ó di ọdún 2011, Kathryn Sutherland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé láti inú omi ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ará ìlú ni ó ti ṣàn wọ òkun. Àkọ́kọ́ nìyẹn tí a óò rí i pé àrùn ènìyàn mú ẹ̀dá inú òkun tí kò ní eegun ẹ̀yìn. Àwa tí à ń da ohun gbogbo sí ọ̀sà Èkó, ẹ jẹ́ kí a gbọ́.

Ẹ̀RÙ TA NI?

Nínú oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NOAA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé iyùn ti tún ń funfun káàkiri ayé, ìgbà kẹrin nìyẹn tí irú rẹ̀ yóò ṣẹlẹ̀ láti ọdún 1998. Tànsáníà àti Kẹ́ńyà wà lára àwọn ilẹ̀ tí wọ́n dárúkọ. Èéfín èédú àti ti epo tí àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ ti ń jó láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni ó ń mú òkun gbóná. Ilẹ̀ Áfíríkà lódindi kò pín ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ti ọdọọdún lọ. Apẹja Zanzibar kò dá iná, òun ni ó ń jó. Mo sọ èyí láìgbàgbé iná gáàsì tí ń jó lójú ọ̀run ní ìhà ẹnu Odò Ọya tiwa, tí ó jẹ́ pé ọwọ́ wa ni ó wà.

Ohun mìíràn tún ń dùn mí. Iyùn Áfíríkà ni, òkun Áfíríkà ni, ṣùgbọ́n Tel Aviv ni kòkòrò náà ti gba orúkọ. N kò fi èyí bú àwọn tí ó ṣiṣẹ́ náà. Ìmọ̀ kò ní ààlà, wọ́n sì ṣe é dáradára. Àwa ni mo ń bi léèrè. Zanzibar ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òkun tirẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì Dar es Salaam láti ọdún 1978. Nàìjíríà dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1975. Lóòótọ́, òkun tiwa kò ní àpáta iyùn, nítorí ẹrẹ̀ tí àwọn odò ńlá ń tú sínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí oòrùn ríran dé ìsàlẹ̀. São Tomé ni iyùn ti ń gbé nítòsí wa. Ṣùgbọ́n ìdílé Vibrio kò nílò àpáta kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n wà nínú edé, wọ́n wà nínú ọ̀sà, ooru tí ó sì sọ ti iyùn di apani kò ní fi tiwa sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá lè sọ fún wa bí onígbáméjì ti ń ṣe sí ìgbóná omi ní Makòko, iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe pẹ̀lú ẹni tí ń wo iyùn ní Zanzibar. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kò sì nílò ju ìkòkò ògì méjì lọ, ọ̀kan nínú ilé tútù, ọ̀kan nínú oòrùn, láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà lọ́la.

Kí ó sì mú ìlẹ̀kẹ̀ iyùn kan dání wá sí kíláàsì, bí ó bá rí èyí tí ó jẹ́ ojúlówó. Iyùn pupa kò dàgbà kíákíá: sísanra rẹ̀ kò tó ìdajì mílímítà lọ́dún kan. Ẹ̀ka tí a lè gbẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tí ó tó mílímítà 10 lára rẹ̀ ti lo ju ogún ọdún lọ nínú òkun kí ó tó dé ọwọ́ alágbẹ̀dẹ iyùn. Ní etí Provence ní ọdún 2003, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ooru náà lò.